Ìwà Ọmọ àti Ipò Rẹ̀ Lórí Pápá

   

Ohun tí mo wá sọ

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò àjọyọ̀ ọdún ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá àti ìtọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ọ̀nà tí èmi yàn ni ìbéèrè kan tí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ìdáhùn rẹ̀ sì lè bá ọmọ dàgbà: ta ni ká fi ṣọ́lé, ta ni ká fi sẹ́yìn, ta ni ká fi sáàárín, ta ni yóò lọ jẹ góòlù?

Ẹ lọ sí pápá èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Èkó nírọ̀lẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ óò rí bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀. Ọmọ tó sanra ni wọ́n ń tì sẹ́nu ilé. Ọmọ tó ga ń lọ sẹ́yìn. Ọmọ kúkúrú tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ di wìngà. Ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù yan iwájú fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, torí bó bá bínú gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, eré ti parí nìyẹn. Ní ilé-ẹ̀kọ́, àwa àgbà fi ọ̀rọ̀ ìwà kún un. A ó ní, “Ọmọ jẹ́jẹ́ lèyí, kò lè ṣe stráíkà.” A ó ní, “Oníjàgídíjàgan ni tọ̀hún, ẹ fi í sẹ́yìn.” A ó ní, “Èyí kì í sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ balógun?”

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Òtítọ́ ni pé ìwà ọmọ ń hàn nínú bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ipò tí a fi ọmọ sí náà ń kọ́ ọ ní ìwà. Nítorí náà, ẹni tó bá wo ìwà tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní lónìí, tó sì torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ipò yòókù mọ́ ọn, ti fi ẹ̀kọ́ ńlá dù ú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ó dé gbogbo ipò kí wọ́n tó yan ọ̀kan. Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ìsinsìnyí lọ, ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni yóò máa fi hàn.

Ohun tí ipò kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ọkàn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilé. Ilé tí aṣọ́lé ń ṣọ́ fẹ̀ ní mítà 7.32, ó sì ga ní mítà 2.44. Bí wọ́n bá fún alátakò ní pẹnárítì, mítà 11 péré ló wà láàárín bọ́ọ̀lù àti ìlà ilé. Stráíkà lè gbá bọ́ọ̀lù sóde lẹ́ẹ̀mẹrin kó jẹ ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n á gbé e sọ́rùn jó. Aṣọ́lé lè mú mẹ́rin kí ẹ̀karùn-ún wọlé, ẹyọ kan tó wọlé yẹn la ó máa sọ délé. Ohun tí ipò yìí ń béèrè ni sùúrù láti dúró pẹ́ láìsí iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó dé lójijì, àti ọkàn tó lè gbé àṣìṣe tì kí bọ́ọ̀lù mìíràn tó dé.

Ní 2007, Michael Bar-Eli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Israel tẹ ìwádìí kan jáde lórí pẹnárítì 286 tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù gbá. Nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29 tí wọ́n gbá sí àárín ilé. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni aṣọ́lé dúró sí àárín. Ìgbà yòókù ló ń fò lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé fífò ni gbogbo ayé ń retí lọ́dọ̀ aṣọ́lé. Bó bá fò tí bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n á ní ó gbìyànjú. Bó bá dúró tí bọ́ọ̀lù wọlé, ọkàn rẹ̀ á máa dá a lẹ́bi pé òun kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ò rí i pé ìgboyà tí a fi ń dúró jẹ́ẹ́ lè ju èyí tí a fi ń fò lọ? Ọmọ tí à ń pè ní jẹ́jẹ́ lè ní irú ìgboyà yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje 2023, nínú ìdíje Ife Àgbáyé àwọn obìnrin, Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé Nàìjíríà, mú pẹnárítì Christine Sinclair, ògbóǹtarìgì ọmọ Canada tó ti jẹ góòlù káàkiri ayé. Ọmọ ọdún 22 ni Nnadozie nígbà náà. Ọ̀mì ni Nàìjíríà àti Canada ta lọ́jọ́ náà, 0–0.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀dọ̀ adìlémú. Àwọn tó ń wòran rò pé agbára àti ìjà ni iṣẹ́ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ìfojúsọ́nà ni. Adìlémú ń rí gbogbo pápá níwájú rẹ̀. Òun ló gbọ́dọ̀ máa pe ẹni tó wà lọ́tùn-ún kó sún wọlé, kó máa sọ fún tòsì pé alátakò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí inú máa ń tètè bí, bó bá wà lẹ́yìn, yóò taari èèyàn nínú àpótí, rẹfirí yóò sì nawọ́ sí ojú pẹnárítì. Nítorí náà, fífi oníjàgídíjàgan sẹ́yìn nítorí ìjàgídíjàgan rẹ̀ kò bójú mu. Bí a óò bá fi í síbẹ̀, kí ó jẹ́ láti kọ́ ọ níjàánu.

Ọwọ́ àárín ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó lè ronú nígbà tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ibi tí bọ́ọ̀lù kì í gbà kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ àgbà níbí á rántí Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars Ìbàdàn. Ó wà nínú ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún Ìbàdàn ní 1976, èyí tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan kò gbà rí ṣáájú wọn. Ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún ló bá Nàìjíríà lọ, láti 1976 dé 1984. Nígbà tí a fẹ̀yìn Algeria gbálẹ̀ ní 3–0 nínú àṣekágbá 1980 ní Sùúrùlérè, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Lawal fúnra rẹ̀ jẹ ẹ̀kẹta. Ọwọ́ àárín tó ń bá ẹ̀yìn gbé ẹrù, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun dé iwájú, irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í fò sóde lọ́jọ́ kan.

Ní ti iwájú, a máa ń rò pé ọmọ tó ń pariwo, tó ń fẹ́ kí gbogbo ayé wo òun, ló tọ́ sí i. Ẹ rántí Rashidi Yekini. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, òun ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, nígbà tí a na Bulgaria ní 3–0. Ó di àwọ̀n mú, ó ń sunkún ayọ̀. Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í wá ariwo. Ohun tí iwájú ń béèrè gan-an ni kí ọmọ lè kùnà lójú èrò kó má sì bẹ̀rù láti tún gbìyànjú. Ẹni tó ń pariwo lè ní i, ẹni tó dákẹ́ náà lè ní i.

Ipò kan ṣì kù tí a kì í dárúkọ, ìyẹn bẹ́ǹṣì. Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ń kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ àti ìmúrasílẹ̀ bí àgbà bá ṣàlàyé ìdí fún un. Bí a kò bá ṣàlàyé, ohun tí yóò kọ́ níbẹ̀ ni pé òun kò wúlò.

Ṣé ìwà ló ń yan ipò?

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá sábà máa ń wọn ìwà ènìyàn lọ́nà márùn-ún: bó ṣe ń ṣí ọkàn sí ohun tuntun, bó ṣe ń fara balẹ̀ ṣe ojúṣe rẹ̀, bó ṣe fẹ́ràn àárín èrò tó, bó ṣe ń gba ti ẹlòmíràn rò, àti bí àyà rẹ̀ ṣe ń tètè já. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ti gbìyànjú láti mọ̀ bóyá ìwà aṣọ́lé yàtọ̀ sí ti stráíkà, tàbí bóyá ti adìlémú yàtọ̀ sí ti ọwọ́ àárín. Èsì wọn kò fẹnu kò. Àwọn kan rí ìyàtọ̀ díẹ̀, àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan tó ṣe é gbára lé. Kò sí òṣùwọ̀n kan lágbàáyé tí a lè fi wọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ká sì sọ pé, “Aṣọ́lé ni Ọlọ́run dá èyí.”

Ohun tó hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ipò ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára ẹni. Ní 1963, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Oscar Grusky, wo àwọn tó di ọ̀gá ikọ̀ nínú eré bésìbọ́ọ̀lù. Ó rí i pé àwọn tó ti gbá a ní ipò tí wọ́n ti ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe pọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó dá dúró sí ọ̀nà jíjìn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ènìyàn dúró lórí pápá lọ́dún pípẹ́ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́, irú ìpinnu tí yóò máa ṣe, àti iye ènìyàn tí yóò máa gbé ojú lé e. Bí a bá fi ọmọ kan sí etí pápá láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí a kò jẹ́ kó dé àárín rí, ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu bí kò bá mọ bí a ti ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá di ọ̀dọ́.

Àwọn ọmọ Àyàn mọ ohun tí mò ń sọ. A kì í gbé ìyáàlù kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù lọ́rùn. Yóò lu gúdúgúdú, yóò lu àwọn omele, yóò mọ bí ẹni tó dúró lójú kan ṣe ń gbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ró. Lọ́jọ́ tí ìyáàlù bá dé ọwọ́ rẹ̀, yóò mọ ohun tí ìlù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe, kò sì ní fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bo tiwọn mọ́lẹ̀. Irú ètò ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílò.

Ewu tó wà nínú ká tètè sààmì sí ọmọ

Ewu àkọ́kọ́ ni pé ojú wa lè tàn wá jẹ. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Canada ṣàkíyèsí pé nínú eré họ́kì orí yìnyín, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù àkọ́kọ́ nínú ọdún pọ̀ nínú àwọn ikọ̀ tó dára ju àwọn tí wọ́n bí ní ìparí ọdún lọ. Kì í ṣe pé oṣù kìíní gbọ́n ju oṣù kejìlá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí níbẹ̀, nítorí náà ọmọ oṣù kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju ọmọ oṣù kejìlá tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan. Ó ga jù ú, ó lágbára jù ú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ jù ú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá pe ìdàgbà ní ẹ̀bùn. Ó fún èyí àgbà ní ipò àárín, ó fi èyí àbúrò sí ẹ̀gbẹ́, ó sì sọ pé, “Ojo lèyí.” Oṣù mọ́kànlá ló ń bá wí, kì í ṣe ìwà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti hàn nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ewu kejì burú ju èyí lọ, ìyẹn ẹ̀tanú. Ní 1970, John Loy àti Joseph McElvogue fi hàn pé nínú bésìbọ́ọ̀lù àti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), wọ́n ń kó àwọn ọmọ adúláwọ̀ sí ipò ẹ̀gbẹ́, wọn kì í sì í sábà fún wọn ní ipò àárín tó jẹ mọ́ ìdarí. Ìgbàgbọ́ tí àwọn kan ní nígbà náà ni pé adúláwọ̀ lè sáré, kò lè ronú. Warren Moon, adúláwọ̀ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí, fẹ́ máa darí ikọ̀ gẹ́gẹ́ bíi quarterback. Ní 1978, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà tó mú un nígbà ìyan-agbábọ́ọ̀lù. Ó kọ̀ láti yí ipò padà, ó lọ sí Edmonton ní Canada, ó sì bá wọn gba ife Grey Cup lọ́dún márùn-ún tẹ̀ léra, láti 1978 dé 1982. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn àgbà eré náà ní 2006. Ní oṣù kìíní 1988, Doug Williams, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, darí ikọ̀ Washington gba Super Bowl, 42–10. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní adúláwọ̀ kò lè darí ikọ̀, irọ́ rẹ̀ ti fojú hàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Nígbà tí a bá ní ọmọ mẹ̀kúnnù ló lè sáré, ọmọ ọlọ́lá ló lè jẹ́ balógun, kí ni a ń ṣe? Nígbà tí a bá ní kí àwọn ọmọbìnrin lọ jókòó máa pàtẹ́wọ́, kí ni a ń ṣe? Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, lọ sí Canada ní 2014 fún Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́bìnrin, ó jẹ góòlù méje, ó sì kó àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù àti ti ẹni tó jẹ góòlù jù. Bí ẹnì kan bá ti ní ọmọbìnrin kì í gbá bọ́ọ̀lù, tí Oshoala sì tẹ̀ lé e, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Àwọn tí ipò púpọ̀ kọ́

Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè jẹ́rìí. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù tí à ń pè ní háńdìbọ́ọ̀lù, ó sì ti ṣe aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù. Ó ti dàgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ní 1980 ó lọ sí yunifásítì ní Houston. Ní 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo àwọn tó wọ NBA. Ní 1994 àti 1995 ó bá Houston gba ife. Ìgbà 3,830 ló gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù lójú afẹ́fẹ́ nínú NBA, kò sì sí ẹni tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé eré tí òun ṣe ní Èkó ló kọ́ òun ní ẹsẹ̀ rírìn àti bí a ṣe ń díwọ̀n àkókò bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé tó wà nínú rẹ̀ kò kú; ó bá a dé Amẹ́ríkà.

Ẹlẹ́rìí mi kejì ni Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2001. Nínú sáà 2019 sí 2020, nígbà tí àwọn adìlémú ọwọ́ òsì Arsenal farapa, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọdé yìí, tó jẹ́ wìngà, lọ dí ẹ̀yìn. Ó lọ, kò kùn. Ó mọ bí alátakò ṣe ń ronú, nítorí òun náà ti jẹ́ alátakò irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó padà síwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn wìngà tó dára jù lágbàáyé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2021, ní Wembley, Saka tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 gbá pẹnárítì ìkẹyìn England nínú àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Aṣọ́lé Italy mú un. Àwọn ènìyàn bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ náà kò sá fún pẹnárítì láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje 2024, nínú ìdíje kan náà, England ń fìdí rẹmi lọ́wọ́ Switzerland. Saka ló jẹ góòlù tó mú wọn dọ́gba, nígbà tí ó sì di pẹnárítì, ó gbá tirẹ̀ wọlé. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún ọmọ wa, ì báà ṣe adìlémú, ì báà ṣe wìngà.

Ẹlẹ́rìí mi kẹta kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 1989, ní Dammam ní Saudi Arabia, ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí Ọlátúndé Disu jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ti fi góòlù mẹ́rin sẹ́yìn Soviet Union, 0–4, nígbà tí eré kù nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ikọ̀ náà jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, Nduka Ugbade jẹ èyí tó mú wọn dọ́gba, wọ́n sì borí nígbà pẹnárítì. Ẹ̀yìn, àárín àti iwájú, kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ tòun ti parí. Bí ọmọ kan bá ti dé ipò ẹnì kejì rẹ̀ rí, ó mọ ohun tó ń là kọjá, kò sì ní dá a lẹ́bi nígbà tí nǹkan bá le. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá dé gbogbo ipò. Jean Côté, onímọ̀ ọmọ Canada, la irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ lọ́nà tó rọrùn: láti ọmọ ọdún 6 sí 12, kí ọmọ dán oríṣiríṣi eré wò, láti 13 sí 15, kí ó dín in kù, láti 16 lọ, kí ó gbájú mọ́ èyí tó yàn. Ẹ má fi ẹnu ilé jẹ ọmọ níyà. Bí ó bá kan ìṣọ́lé, kí ó kan gbogbo wọn. Ẹ máa pín ipò balógun káàkiri náà. Kí ẹ tó pe ọmọ kan ní ojo, ẹ wo ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a wí, ẹ bá iṣẹ́ wí, ẹ má bá orí rẹ̀ wí. “Sún síwájú díẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ọ̀tún wá” ń kọ́ ọmọ. “Ojo ni ẹ́” kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Orúkọ ń ro ọmọ. Bí a bá sì fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Bí a bá ń yí wọn ká báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ kejì yóò gba ife mọ́ wa lọ́wọ́.” Ó lè ṣẹlẹ̀. Ife àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá dára, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan tí a ó torí rẹ̀ ta ọmọ. Àwọn mìíràn á ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ti kékeré kọ́ ni sùúrù, ìgboyà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì lè dúró de ìgbà mìíràn.

Nígbà tí ọmọ bá tó yan ipò, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń yàn án. Edward Deci àti Richard Ryan, tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí ohun tó ń mú ènìyàn ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, sọ pé nǹkan mẹ́ta ni ọkàn ń wá: kí ènìyàn rí i pé òun mọ iṣẹ́ náà ṣe, kí ó ní ohùn nínú ohun tó kàn án, kí ó sì mọ̀ pé àwọn tó wà pẹ̀lú òun fẹ́ràn òun. Ọmọ tí a bá bi léèrè pé, “Níbo ni ọkàn rẹ ti ń balẹ̀ jù, kí sì nìdí?” yóò sọ ohun tí ojú àgbà kò rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa wá síbi eré ọmọ yín. Bí ẹ bá dé etí pápá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn, ẹ má sì gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ má jẹ́ “Góòlù mélòó lo jẹ?” Adìlémú tó gbá bọ́ọ̀lù dànù lórí ìlà ilé kò jẹ góòlù, ṣùgbọ́n ó gba ikọ̀ là. Ẹ béèrè ohun tó kọ́, ẹ béèrè ẹni tó ràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin alákòóso ilé-ẹ̀kọ́, ẹ pèsè bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má jẹ́ ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù ni yóò máa pín ipò. Ẹ fi háńdìbọ́ọ̀lù àti fọ́líbọ́ọ̀lù kún un, kí ẹ sì fún àwọn ọmọbìnrin ní pápá àti àkókò tiwọn nínú ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣọ́lé lónìí, ẹ má ṣe ro pé ìyà ni. Ẹ lọ wo bí ayé ṣe rí láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dí ẹ̀yìn, ẹ kọ́ bí a ṣe ń pe ẹlẹgbẹ́ ẹni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ máa wo eré náà pẹ̀lú ojú àgbà. Ipò tí yóò di tiyín ń bọ̀, ẹ ó sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n gbogbo èyí tí ẹ ti kọjá.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn wa, mo ti sọ pé ìwà ń hàn lórí pápá, àti pé pápá ń kọ́ ìwà. Mo ti sọ pé kò sí ìwádìí tó fún wa láṣẹ láti fi ọmọdé mọ́ ipò kan nítorí bó ṣe dákẹ́ tàbí bó ṣe ń pariwo, nítorí bó ṣe ga tàbí bó ṣe sanra, nítorí ẹni tó bí i tàbí nítorí ó jẹ́ obìnrin. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wa lówó púpọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti sáà tó ń bọ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe é ní òfin pé gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá yóò ṣọ́lé, yóò dí ẹ̀yìn, yóò gbá àárín, yóò gbá iwájú, yóò sì di balógun fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó yí wa ká yóò wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín.